Ìka Tó Ń Tẹ Èrìgì

Oògùn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń tà ní Inísà. Bí ọmọ tó ní ibà bá dé iwájú wọn, wọ́n á fi ìró nu ìka kan, wọ́n á fi tẹ èrìgì ọmọ náà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín: "Eyín ló ń bọ̀."

Ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọbìnrin mi náà nìyẹn. Mo ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ." Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a máa dé ọsibítù ní Ìkìrun, ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán. A ṣì ń wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ nígbà tó kú. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n kò bẹ̀ mí.

Lánàá, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin gbé ọmọ jòjòló rẹ̀ wá láti Òkukù. Ara ọmọ náà ń jó, èémí rẹ̀ sì ń yára. Ẹ̀gbọ́n fi ìró nu ìka.

Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà wò. Mo ti rí irú funfun yẹn rí. Mo já a gbà, èmi àti ìyá rẹ̀ gun ọ̀kadà, ó di Ìkìrun.

"Eyín ni o!" ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo lẹ́yìn wa.

A kò tíì jáde ní Inísà tí ọwọ́ tí ọmọ náà fi di aṣọ mi mú ti ń tú.