Ọjọ́ tí Àna Mi Bá Mi De Tiyó Ọkọ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú ná. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé èmi, àgbàlagbà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn àti jọgíráfì, mo ki kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ara mi bọ àpò ṣòkòtò mi, mo sì bá ìdílé ìyàwó mi wá kọ́kọ́rọ́ náà káàkiri àgbàlá. Mo tilẹ̀ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Kì í ṣe pé orí mi dàrú. Àna ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀. Ọkọ̀ mi kì í ṣe ọmọdé. Ó ti sin ọ̀gá mìíràn ní ilẹ̀ Faransé kó tó bá mi dé Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí mo fi ń yangàn: ó ní túrúbò. Ẹni tí kò bá mọ túrúbò, kó fojú inú wo ìgbín onírin kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, tó ń yí bí òkòtó, tó sì ń fipá gbá afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ náà. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọkọ̀ kékeré á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti ibi asẹ́ afẹ́fẹ́ dé ẹnu ìgbín yìí, ọ̀pá rọ́bà oníhò kan ló so wọ́n pọ̀. Tiyó là ń pè é lọ́dọ̀ wa. Tiyó tèmi ti gbó, ó ti sán lábẹ́. Bí mo bá ti ń gun afárá, ọkọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ìyá arúgbó tó ru igi.

Àbúrò mi tó wà ní Faransé ló fi tiyó tuntun ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi sí i o. Irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré àsápajúdé máa ń rà ni: ó búlúù, ó ki, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, inú rẹ̀ ń dán. Mo gbé e sórí tábìlì ìjẹun, mo ń wò ó láàárọ̀, mo ń wò ó lálẹ́. Ìyàwó mi bi mí bóyá kí òun máa bu oúnjẹ tirẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé, ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìyá ìyàwó mi fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Kútọnu. Ojú ọ̀tún kò ríran mọ́, ti òsì sì ti ń tẹ̀lé e. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń retí ọjọ́ yìí. Dókítà tó máa ṣe é, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, ẹni tó bá sì pàdánù ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni yóò padà lọ tò sí. Màmá ti búra pé òun ò ní gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà ìlú wa, mọ́ láyé, láti ìgbà tí ọlọ́kadà kan ti gbé òun ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Takisí ńkọ́? Ó ní wọ́n ń to ènìyàn bí ẹni to iṣu. Ọkọ̀ ọkọ ọmọ òun ni òun yóò bá lọ, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìjọ.

Ìyàwó mi wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan ọkọ̀ títí màmá òun yóò fi lọ tí yóò fi bọ̀. Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń mí. Tí tiyó yẹn bá fà ya pátápátá lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ńkọ́, pẹ̀lú Màmá nínú ọkọ̀? Nítorí ojú Màmá gan-an ni mo ṣe fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí àdúgbò Houinmè láti lọ mú Màmá wá, kó lè sun ilé wa mọ́jú. Mo bọ́ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí kápó, ìdérí ẹ̀rọ ọkọ̀, sókè, mo tú tiyó àtijọ́ kúrò. Ó rọrùn bí ẹni ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹnu túrúbò ṣí sílẹ̀ níwájú mi, tiyó búlúù wà lọ́wọ́ mi, inú mi dùn dé ibi tí mo fi ń kọrin. Ni ẹnu ọ̀nà bá ké. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ló wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ tí mo lọ tọrọ ìyàwó, ọkùnrin yìí ni mo dọ̀bálẹ̀ fún títí tí agbádá mi fi gbá ilẹ̀ ilé wọn mọ́, lójú tirẹ̀, n kò sì tíì dìde. A kì í bá àna jiyàn. A kì í gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ àna. Kò sí bí ẹnu ṣe lè gbó tó tí yóò sọ fún àna pé, "Ẹ ti ṣì í."

Kó tó fẹ̀yìntì, ẹnubodè Kraké ló ti ṣiṣẹ́, ó ń bá àwọn onímọ́tò kọ ìwé ẹrù wọn. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé kò sí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láyé tí kò tíì kọjá níwájú òun. Òótọ́ ni, níwájú rẹ̀ ni wọ́n kọjá. Tí wíwo ọkọ̀ tó ń kọjá bá ń sọ ènìyàn di mẹkaníìkì, àwọn ewúrẹ́ Kraké ì bá ti ṣí gáráàjì.

Mo kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kápó ni ojú rẹ̀ wà. Kápó tó ṣí sílẹ̀ ni a fi ń mú ọkùnrin Àjàṣẹ́, bí a ṣe ń fi ẹ̀kùrọ́ mú eku. Ó ká apá ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè. Ó wá ẹsẹ Bíbélì kan tó fún un láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Pọrọ́ọ̀fù, gbé tunẹfíìsì yẹn wá. Èyí kì í ṣe jọgíráfì."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé irinṣẹ́ tí a fi ń yí ìsó náà fún un.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe, ó dára, òun ló sì dùn mí jù. Ó rí ẹnu túrúbò tó ṣí sílẹ̀, ó ní bí òkúta wẹ́wẹ́ bá kó síbẹ̀, a jẹ́ pé ó parí. Ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀ láti inú àpò, aṣọ funfun báláú tí wọ́n lọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká a, ó sì fi dí ẹnu túrúbò pinpin. Mo yìn ín nínú ọkàn mi. Lẹ́yìn náà ló wá dojú kọ tiyó. Ó kọ́kọ́ de okùn irin tó ń mú un mọ́ra kí tiyó tó wọlé, ó wá ń yà á lẹ́nu pé kò wọlé. Ó tú u, ó tún dè é. Ó ní àwọn òyìnbó kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Ó ní kí n bu omi wá; mo rò pé ó fẹ́ fi pa ẹnu tiyó kó lè yọ̀, ó mu ún. Nígbà tó pẹ́, tiyó náà fúnra rẹ̀, bóyá àánú wa ló ṣe é, yọ́ wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Ẹ̀gbọ́n dè é níhìn-ín, ó dè é lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Aṣọ ìnujú ṣì wà nínú ẹ̀.

Mo dúró. Mo ní yóò rántí. Kò rántí. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá tan ọkọ̀ náà báyìí, túrúbò á fa aṣọ yẹn jẹ, òun náà á sì bàjẹ́, Màmá kò sì ní rí Kútọnu lọ́la. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ gba ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òógùn ń ṣàn lójú yín o."

"Òógùn iṣẹ́ ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Mo ṣe bí ẹni tí imú ń dà, mo bi í bóyá ó ní nǹkan tí mo lè fi nu imú. Ó ní ó tì mí lójú pé ọkùnrin tó dàgbà tó mi ń tọrọ aṣọ ìnumú. Mo wá fẹ́rẹ̀ẹ́ la ọ̀rọ̀ náà: mo yìn ín pé bó ṣe ronú láti fi nǹkan dí ẹnu túrúbò yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọgbọ́n Kraké nìyẹn, wọn kì í kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ó wá ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi, ó ń gún mi nítan. Mo fi ọwọ́ pa àyà, mo ní mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ pípa nìyẹn, bí ìyàwó mi sì ṣe mú Màmá wọlé nìyẹn.

Ìyàwó mi wo kápó, ó wo mí. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú iṣẹ́. Èmi, kò kí mi. Nígbà tí mo ṣẹ́jú sí i pé kó wá kí n bá a sọ̀rọ̀, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ni gbogbo wa bá ń wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n ń wá a lábẹ́ ọkọ̀, ìyàwó mi ń wá a nínú yàrá, èmi wà ní ilé ìdáná, mo ń ṣí ìkòkò. Ìgbà tí mo jáde tí mo rí Màmá tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tó ń fi ọwọ́ tá abẹ́ àga wò pẹ̀lú ojú tí kò ríran, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ Èṣù ni, ẹnìkan ni kò fẹ́ kí Màmá lọ ṣe ojú. Ó ní kí a gbàdúrà, kí èmi tí mo jẹ́ onílé sì ṣáájú. A di ojú. Mo rí i pé ẹ̀mí ń fún mi láyè.

"Olúwa," mo wí, "ohun tí ọwọ́ wa fi sí ibi tó ṣókùnkùn, tí a wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, rán wa létí."

"Àmín." Ti Ẹ̀gbọ́n ló ròkè jù.

"Bí ó bá sì jẹ́ aṣọ ni, Olúwa. Àní bí ó bá jẹ́ aṣọ funfun."

"Àmín. Fi aṣọ funfun wọ̀ wá, Bàbá."

Mo la ojú. Ìyàwó mi náà ti la tirẹ̀. Màmá ni kò ṣe àmín. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, aṣọ funfun wo?"

Mo wo ilẹ̀. Màmá kọjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ó bi í níbo ni aṣọ ìnujú tó fi ń nu ojú ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan àpò ọ̀tún. Ó fọwọ́ kan ti òsì. Ó wo ọkọ̀. Ó wá wo mí.

"O rí i?"

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"O rí i, o wá dákẹ́?"

Ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ó ní ọ̀wọ̀ tó fẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀, ó ní ìwà àwọn tó kàwé nìyẹn, wọ́n á rí nǹkan, wọn kò ní sọ. Ó ní, ṣé òun jẹ́ ẹni tí a kò lè bá sọ̀rọ̀ ni? Ó tú tiyó, ó fa aṣọ rẹ̀ jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì wá fi kún un pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ láti wò bóyá ojú mi mú ni. Mo ní ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Kí ni kí n tún wí? Ó tún tiyó náà dè, ó tilẹ̀ fún mi láyè láti de apá kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sì "rí" kọ́kọ́rọ́.

"Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà," ìyàwó mi rọra wí lẹ́yìn mi.

A tan ọkọ̀. Ó mí gígùn kan, ó mọ́ gaara, túrúbò ń súfèé tó dùn bí ẹyẹ lábẹ́ kápó. Ẹ̀gbọ́n ká apá sáyà, ó ní kí àwọn ará ilé kejì wá gbọ́ iṣẹ́ òun.

Ilẹ̀ mọ́. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ti jókòó níbi tí awakọ̀ máa ń jókòó. Ó ní ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ẹni tó tún un ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ wà á. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn, ìyàwó mi, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, àti àbúrò Màmá obìnrin tó ní òun fẹ́ sìn ín dé ọ̀hún, pẹ̀lú agbọ̀n oúnjẹ kan tó gba àyè ju ènìyàn lọ. Mo yí ọkọ̀ náà po, mo ń wá àyè. Ìyàwó mi yọjú ní fèrèsé, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó ní kí n wá sẹ́míjàn kan máa tẹ̀lé wọn bọ̀.

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí Ẹ̀gbọ́n, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án.

Báyìí ni mo ṣe gun sẹ́míjàn lọ sí Kútọnu lẹ́yìn ọkọ̀ ara mi. Nígbà tí wọ́n ń gun afárá, mo gbọ́ túrúbò, kò mí hẹlẹhẹlẹ rárá, ó kàn súfèé, ó sì lọ. Ọlọ́kadà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọkọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́ o, ta ló ni ín? Mo ní àna mi ni.

Ìgbà tí mo dé ilé ìwòsàn, eruku ti kùn mí lójú àti lẹ́nu. Wọ́n ti pe Màmá wọlé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ pè. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gbé bàtà Màmá lé itan. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Pọrọ́ọ̀fù, o pẹ́."

Mo tẹríba. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n."