Èémí Tó Ṣáájú Orin

Nígbà tí wọ́n gbé ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Òkèlúsè lọ sí ibòmíràn, àlùfáà ní kí èmi, nọ́ọ̀sì ìlú, gba ipò rẹ̀. Ohun tó rí lára mi kò ju pé mo lè ka sólfà.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní pólì Ọ̀wọ̀ ló yá mi ní ìwé ńlá kan lórí bí wọ́n ṣe ń darí olórin. Orí ìjókòó ilé ìwòsàn ni mo ti ń kà á, bí aláìsàn kò bá sí. Ìwé náà sọ ìtàn àwọn tó ń darí ọgọ́rin ènìyàn, onífayolíìnì, onífèrè àti onílù, tí àwọn fúnra wọn kò sì mú ohùn kankan jáde. Rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ kan lára ọ̀kan nínú wọn, ó fi ọwọ́ kejì àti ojú rẹ̀ darí títí ó fi kú. Mo pa ìwé dé, mo ń wo ọwọ́ mi.

Mo fi bírò ṣe ọ̀pá ìdarí, mo ń ṣe ìdánrawò níwájú dígí, bí àwòrán inú ìwé ṣe wí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, àwọn obìnrin ti wọ inú orin kí àwọn ọkùnrin tó sáré bá wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá wọn dúró.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wo ọwọ́ mi.”

“À ń wò ó,” ni wọ́n dáhùn. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tí a parí, bàbá àgbẹ̀ kan tó ń kọ béèsì dúró dè mí. Bàbá náà kò mọ̀wé.

“Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ dára. Àmọ́ o kì í mí.”

“Ṣé mo lè wà láàyè kí n má mí ni, Bàbá?”

“O ń sé èémí rẹ mọ́nú. Bí a bá fẹ́ gbé ìtì igi lóko, ẹni iwájú kì í sọ̀rọ̀. Á mí kanlẹ̀, gbogbo wa á mí, igi á sì dìde.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mi ò mú bírò dání. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo wo ojú wọn, mo mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí gbogbo wọn mí pẹ̀lú mi, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Orí mi wú. Orin náà jáde bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo, díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé láti ju ọwọ́.

Mo délé, mo ṣí ìwé. Ó wà níbẹ̀, ojú ìwé kan àtààbọ̀ lórí èémí. Mo ti fò ó níbi tí mo ti ń kánjú lọ wo àwòrán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún bàbá náà. Ó fetí sí i dáadáa.

“Ẹni tó kọ ọ́,” ó bi mí, “ṣé àgbẹ̀ ni?”

Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀.

“Ó mọ iṣẹ́,” ló wí, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.