Ìlú Jámánì Tí Kò Gbọ́ Èdè Jámánì

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́ lónìí o!

Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ìlú kékeré kan ní Ohio ló ti wá. Àwọn Jámánì ló tẹ ibẹ̀ dó. Mò ń bá màmá mi sọ Yorùbá lórí fóònù nígbà ìsinmi, ló bá fajú ro: "Amẹ́ríkà la wà, sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì."

Mo dágbére fún màmá mi. Kò pẹ́ ni òun náà fa fóònù yọ, ó ń fi fọ́tò ọdún ìlú wọn hàn wá. Àwọn bàbá arúgbó wọ ṣòkòtò péńpé tí àwọn Jámánì ń fi awọ rán, wọ́n gbé ife bíà tó tó korobá dání.

Ó ní, "Àwa ò fi àṣà wa ṣeré rárá."

Mo ní, "Ó dáa. Báwo lẹ ṣe ń sọ 'ẹ káàárọ̀' ní èdè Jámánì?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́."

Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ṣé ṣòkòtò péńpé nìkan ló wá kù fún yín ni?

Ló bá rọra bi mí pé, "Àwọn ọmọ tìẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n gbọ́ èdè tó o fi ń bá màmá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé ní Hillcrest Heights, ní Maryland níbí. Tí màmá mi bá pè wọ́n, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀.

Mo ní ìsinmi ti tán, mo sá padà sí wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ará Maryland, ọmọ tiyín ńkọ́? Ẹ má parọ́ o!