Káàdì Àgbà tí Túnráyọ̀ Yàn

Bí o bá fẹ́ ra aṣọ ní Òkúkù láyé ìgbà náà, tí o kò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ, Túnráyọ̀ aránṣọ ni wàá kọ́kọ́ lọ bá. Yóò fọwọ́ ra aṣọ náà, yóò nà án sí oòrùn, yóò fa etí rẹ̀ méjèèjì, yóò wá yọ ṣùtì sí ẹni tó ń tà á. "Èyí máa ṣá tí omi bá ti kàn án," ni yóò wí. Kì í sì í ṣì í. Obìnrin náà mọ nǹkan yàn, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ibi tí wàhálà ti wọlé gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Àyìnkẹ́ ni ìyá Túnráyọ̀. Epo pupa ló tà títí ó fi darúgbó. Tí ẹnu àwọn tó ń jà lọ́jà kò bá bára mu, ọ̀dọ̀ Àyìnkẹ́ ni wọ́n ń lọ, ibi tó bá sì gé ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń fi í sí. Kì í purọ́. Kì í tilẹ̀ í fi irọ́ ṣeré. Ọládélé, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bi ìyá àwọn léèrè bóyá ọbẹ̀ òun dùn, kí onítọ̀hún ti múra ẹkún sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1993, oògùn ti wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìwé ni wọ́n ń kọ fún èèyàn pé kó lọ rà á níta. Ìgbà náà ni àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan bẹ̀rẹ̀ ètò fún àwọn arúgbó: wàá san owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọn yóò fún bàbá tàbí ìyá rẹ ní káàdì, àìsàn tó bá sì ṣe wọ́n láàárín ọdún náà, ọrùn ilé ìwòsàn ló wà. Káàdì àgbà ni wọ́n ń pè é. Ọládélé ránṣẹ́ láti Kàdúná pé òun yóò sanwó, kí Túnráyọ̀ ṣáà wá èyí tó dára jù. "Ìwọ lo mọ nǹkan yàn," ó ní. Orí Túnráyọ̀ wú. Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Òkúkù nílé ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Ọ̀ṣúnkẹ́mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ yàrá méjì iwájú ilé rẹ̀ di ilé ìtọ́jú. Páànù ibẹ̀ ti dógùn-ún, bẹ́ẹ̀dì kò tó nǹkan. Kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí jẹnẹrétọ̀. Tí nǹkan bá le, yóò ní kẹ́ ẹ máa gbé aláìsàn lọ sí Òṣogbo, ìyẹn sì di tiyín. Ṣùgbọ́n ó máa ń tọ àwọn arúgbó lọ sílé, kì í sì í lé ẹnikẹ́ni.

"Ṣúgà tí mo rí nínú ìtọ̀ ìyá rẹ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" ló bi Túnráyọ̀. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí mo fún wọn? Mú wọn wá. Ìyẹn gan-an la máa kọ́kọ́ dojú kọ."

Túnráyọ̀ wo páànù. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Ní Inísà, Dókítà Fáṣadé gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ilé tirẹ̀ dára ju ti Òkúkù lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wo aláìsàn. Ó ń gba ẹni tí àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó di ọdún kejì kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àìsàn náà. Títí di ìgbà yẹn, ibà àti inú rírun lásán ni. Oògùn tó bá sì wọ́n, ẹ̀yin lẹ máa rà á. Túnráyọ̀ bi í ní ìbéèrè títí àwọn tó wà lórí ìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò burú, ṣùgbọ́n kò wú u lórí.

Ó wá dé Ìkìrun. Háà, Ìkìrun! Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé onígíláàsì, jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìnkùlé, ọkọ̀ funfun tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, yàrá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lè yọjú wò ó. Oògùn wà nínú káàdì. Iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń mú un káàkiri sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, "Ohun kan ló kù o, Àǹtí. Ẹni tó bá ti ní ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lára, a kì í gbà á sínú ètò yìí. A máa yẹ ìtọ̀ Màmá wò."

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, àbí? Ẹni orí rẹ̀ pé yóò yí padà lọ bá Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Túnráyọ̀ fi ṣúgà tó wà lára ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò tíì sí. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé e dé Òkúkù, ó ti sọ fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ pé Ìkìrun ni ìyá òun yóò ti máa gba ìtọ́jú. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ilé onípáànù dídógùn-ún kéré sí i lójú rẹ̀. Ó sì fẹ́ràn òkìkí ara rẹ̀ náà, ká má purọ́.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì na ìgò kékeré kan sí Àyìnkẹ́. Orúnkún kò jẹ́ kí ìyá lè lóṣòó dáadáa, Túnráyọ̀ sì tẹ̀ lé e wọ ilé ìtọ̀. Ibẹ̀ ló ti gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, tó ká ìró ara rẹ̀ sókè, tó sì tọ̀ sínú ìgò náà fúnra rẹ̀.

Àyìnkẹ́ lanu wò ó. "Túnráyọ̀, ṣé ìwọ ló fẹ́ gba káàdì ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ṣáà ní a dúpẹ́."

"Mi ò fẹ́ irú èyí."

"Nítorí yín ni mo ṣe ń ṣe é! Ṣé kí n wá lọ sọ fún Bọ̀dá mi pé wọ́n lé wa ni? Ṣé ẹ fẹ́ kójú tì mí?"

Àyìnkẹ́ tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde.

Dókítà Jọláyẹmí, tó ń wo aláìsàn níbẹ̀, ti bébà kékeré tí wọ́n fi ń wá ṣúgà bọ inú ìtọ̀ náà, bébà kò yí àwọ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ara yín le ju tèmi lọ! Ṣé kò sí nǹkankan tó ń ṣe yín?"

Ìyá wo ọmọ. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní.

Ẹ gbọ́ ná, ta ni wọ́n máa bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa tí kò ní dáhùn báyẹn? Ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní, tí o bá kí i, a dúpẹ́ ni yóò wí. Àgbà kì í to àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ lójú àlejò. Ìkíni ni Àyìnkẹ́ fi dáhùn, Dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá le. Ọkọ̀ wọn kọjá Inísà. Àyìnkẹ́ ní, "Ohun tí o fi mí ṣe lónìí, má fi mí ṣe é mọ́." Túnráyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin arúgbó yìí náà.

Ẹ̀rín náà kò dé inú. Lẹ́yìn ilé, níbi tí Àyìnkẹ́ máa ń tọ̀ sí, èèrà kì í kúrò. Láràárọ̀ ni Túnráyọ̀ ń da omi gbígbóná lé wọn lórí, bí ẹni pé èèrà ló jẹ̀bi. Ó ní kí ìyá má lọ gba oògùn ṣúgà lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi mọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà ta sí wọn létí ní Ìkìrun. Bó bá pàdé nọ́ọ̀sì náà lọ́nà ọjà, yóò sáré kí i, yóò sáré kọjá. Tí àwọn oníbàárà bá yìn ín pé ó gba káàdì ńlá fún ìyá rẹ̀, yóò fẹnu dúpẹ́, yóò sì yára yí ọ̀rọ̀ padà sí aṣọ.

Òjò ọdún náà kò tíì dá tí ibà fi gbé Àyìnkẹ́ dè. Ara rẹ̀ gbóná, kò jẹun, omi nìkan ló ń mu, ìtọ̀ kò sì jẹ́ kó rójú. Wọ́n gbé e dé Ìkìrun láàárọ̀. Kí á sọ tòótọ́, wọ́n fi ọ̀yàyà gbà wọ́n: káàdì jáde, bẹ́ẹ̀dì jáde, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè owó. Dókítà Jọláyẹmí wo ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́jọ́sí, kò sí ṣúgà lára ìyá yìí. "Ó ti rẹ̀ wọ́n," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ẹ fa omi sí wọn lára, olómi ṣúgà, kí agbára lè wọ ara wọn."

Omi ṣúgà! Túnráyọ̀ gbọ́ ọ ketekete. Ó dìde. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, sà..."

Dókítà yíjú sí i. Àwọn aláìsàn tó kù nínú yàrá náà yíjú sí i. Ó rí i bí yóò ṣe rí: wọn yóò gba káàdì, wọn yóò pariwo rẹ̀ lé e lórí, ọ̀rọ̀ yóò dé Òkúkù kí òun tó dé ibẹ̀.

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Kò sí, sà. Mo ní ẹ ṣé."

Àyìnkẹ́ la ojú, ó wo àpò omi tí wọ́n gbé kọ́ sókè, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì pa ojú dé. Òun náà lẹ́nu, ó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ta ni yóò dójú tì?

Omi ń kán. Túnráyọ̀ jókòó, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé díẹ̀ ni, pé kò ní ṣe nǹkankan, pé bó bá di àpò kejì òun yóò sọ̀rọ̀. Àpò kejì dé, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, èémí Àyìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí èso tó ti kẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ pé kó wá bá òun sọ epo kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni Túnráyọ̀ kígbe.

"Ìtọ̀ mi ni! Ẹ yọ omi yẹn! Ìtọ̀ mi ni mo bù fún yín! Ìyá mi ní ṣúgà!"

Wọ́n sáré yọ ọ́. Wọ́n sáré fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà Jọláyẹmí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló sọ sí Túnráyọ̀, kò sì pariwo: "O dìde láàárọ̀, o fẹ́ sọ ọ́. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

Nígbà tí Àyìnkẹ́ jí, ojú rẹ̀ walẹ̀ díẹ̀. Dókítà tẹ̀ ba lé e lórí. "Màmá, ta ló fi yín ṣe irú èyí?"

Túnráyọ̀ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni," Àyìnkẹ́ wí. "Èmi ni mo ní kó bù ú. Ó kọ̀, mo ní bí mo bá jẹ́ ìyá rẹ̀, àfi kó ṣe é. Ẹ má bá a wí."

Kò sọ̀rọ̀ tó gún régé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kú.

Dókítà fúnra rẹ̀ wá kí wọn ní Òkúkù. Ọládélé ti dé láti Kàdúná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń bèèrè bó ṣe jẹ́ pé inú ilé ìwòsàn tó dára jù ni ìyá òun kú sí. Dókítà sọ bó ṣe rí, ó sì fi kún un pé, "Ìyá fúnra wọn ló sọ fún mi pé àwọn ni wọ́n fipá mú ọmọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lẹ́bi."

Ọládélé mi orí. "Ẹ wá wo Màámi o! Gbogbo òtítọ́ tí wọ́n fi ń yọ wá lẹ́nu yẹn! Àṣé àwọn náà lè fi irú ẹ̀tàn báyìí gba káàdì."

Túnráyọ̀ dìde. "Irọ́ ni, Bọ̀dá mi. Èmi ni mo gba ìgò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wo omi ṣúgà tó ń kán, mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo pa wọ́n."

Baálé Ògúnrẹ̀mí, olórí ilé wọn, nawọ́ sí i. "Jókòó, ọmọ mi. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ìyá rẹ jẹ́wọ́ kó tó lọ, ìyẹn ló sì dára. Ta ló ń purọ́ lórí àkéte ikú?"

"Wọ́n purọ́! Nítorí mi ni wọ́n ṣe purọ́!"

Àwọn obìnrin ilé gbá a mú, wọ́n ń pẹ̀ ẹ́, wọ́n mú un wọ yàrá. Ọládélé tẹ̀ lé wọn, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Túnráyọ̀," ó ní. "Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kí wọ́n bú Màámi. Ṣùgbọ́n má gbé ẹ̀bi wọn ru ara rẹ."

Láti inú yàrá, ó ń gbọ́ wọn lóde. Ẹnìkan ní, "Àyìnkẹ́ yìí, tí kì í purọ́ yìí!" Ẹlòmíràn fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Túnráyọ̀ fẹ́ tún jáde lọ bá wọn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà dì í mú, wọ́n ní kó rọra, pé ó ti ṣe ọmọ fún ìyá rẹ̀.