Ìlà Tí Káńsù Fà sí Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ọdún tí ọmọkùnrin mi tó àtibẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kọ̀wé sí gbogbo ilé tó wà ní ẹsítéètì wa, àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba kọ́, ní Peckham nílùú òyìnbó. Wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ti kún àkúnya, wọ́n sì fẹ́ yí ààlà ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ padà. Máàpù kan wà lẹ́yìn ìwé náà. Wọ́n fi àwọ̀ àlùkò fa ìlà sórí rẹ̀. Ìlà náà rọra yí àwọn ilé tó ní ọgbà òdòdó ká, ó bá títì wálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé wa, ó ṣẹ́rí padà bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan tí kò wù ú. Ilé ìwé náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Nínú ilé ìdáná mi ni mo ti ń gbọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde ṣeré. Síbẹ̀, ìlà ní a kì í ṣe ará àdúgbò.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, ọ̀rọ̀ káńsù kì í sì í yà á lẹ́nu. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sórí fíríìjì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lé èèyàn jáde ní ìlú yìí kì í sọ pé òun ń lé e, á kàn ní àyè ò sí.

Mi ò ní parọ́, ilé ìwé náà kún lóòótọ́. Ọmọbìnrin mi ti wà níbẹ̀, ó ń ṣe kíláàsì kejì. Wọ́n ti sọ yàrá ìkàwé di kíláàsì. Ìpín-ìpín ni àwọn ọmọ fi ń jẹun ọ̀sán, ọmọ mi á ní kí òun tó jẹun tán ni olùkọ́ ti ń lé àwọn dìde. Nígbà míì, ó máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra wálé láti ilé ìwé, nítorí pé àwọn tó ń tò sẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú ni pé ilé ìwé mìíràn wà lọ́nà Old Kent Road, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú, tí yàrá ń ṣófo níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ọmọ ibẹ̀ kì í gbọ́ràn, wọ́n ní ìwé kì í wọ̀ wọ́n lórí. Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò rí ẹnì kan tó ti wọ inú ọgbà ilé ìwé náà rí. Èmi náà ń sọ ọ́, èmi náà ò sì wọ ibẹ̀ rí.

Kí n tó dé orí ìpàdé tí káńsù pè, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ Alhaji kan. Mọ́ṣáláṣí ni òun àti ọkọ mi ti mọra. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, Kennington, àdúgbò mìíràn tó jìnnà sí wa, ni Alhaji ń gbé, ilé ìwé tiwa ló sì wù ú fún àkọ́bí rẹ̀. Ó wá bá wa nílé lọ́jọ́ Àìkú kan, òun àti ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ní pálọ̀ wa bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní kí a jọ̀ọ́ kí a jẹ́ kí òun fi àdírẹ́sì wa gba àyè fún ọmọ náà. Ó ní ọmọ kan kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọkọ mi lọ́ra, èmi ni mo ní kò burú. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, Mùsùlùmí bíi tiwa, mo sì rò pé ìrànlọ́wọ́ nìyẹn.

Lẹ́tà tó ní orúkọ rẹ̀ lára bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí wa. Mo ń kó wọn sínú ọ̀rá, a ń gbé e fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nígbà tó yá, obìnrin kan wá láti ilé ìwé láti wò ó bóyá ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Mo mú un wọ yàrá, mo fi bẹ́ẹ̀dì ọmọbìnrin mi hàn án, mo ní àwọn méjèèjì ló jọ ń sùn níbẹ̀. Obìnrin náà wo bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ. Bí mo ṣe parọ́ nìyẹn, ẹnu mi ò sì gbọ̀n.

Ọmọ Alhaji wọlé. Lẹ́yìn ọdún méjì, Alhaji ra ilé sí ọ̀kan nínú àwọn òpópónà olódòdó yẹn. Mi ò bínú ọrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kí mi bí ẹni tó ń kí oníṣòwò tí òun ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Ó wọ ìgbìmọ̀ àwọn òbí. Tó bá dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn òyìnbó, á máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín tán.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, ní ìrọ̀lẹ́. Àga àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n tò fún wa, gbogbo wa wá ká eékún mọ́ igbá àyà. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan ni mo lọ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi nítorí pé ilé arúgbó kan tí mo ń tọ́jú ni mo ti ń bọ̀. Ọkùnrin tí káńsù rán wá fi máàpù hàn wá lára ògiri. Ó ní àwọn ò tíì pinnu ohunkóhun, àwọn kàn wá tẹ́tí sílẹ̀ ni. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Obìnrin òyìnbó kan tó dé fìlà onírun àgùntàn ló kọ́kọ́ dìde. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin mi jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ó ní òun fẹ́ràn bí oríṣiríṣi ẹ̀yà ṣe pọ̀ nílé ìwé yìí, ìdí tí òun àti ọkọ òun fi kó wá sí Peckham nìyẹn. Nígbà tó yìn wá tó, ó ní ohun tó ń dun òun ni ìlera ọkàn àwọn ọmọ, àti pé àwọn ọmọ ẹsítéètì pàápàá á gbádùn ara wọn ju báyìí lọ ní ilé ìwé tó mọ ohun tí irú wọn nílò. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi ẹ̀rọ. Bí ẹni bá ń lé ẹran kúrò nídìí àgbàdo, á pariwo, ẹran á sì mọ̀ pé wọ́n ń lé òun. Obìnrin yìí ń lé wa, ó tún fẹ́ kí a dúpẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá kan láti ẹsítéètì wa dìde, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìfọmọ́tò. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé pé àwọn ọmọ òun mẹ́ta ò lè máa lọ sí ilé ìwé méjì. Kò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin káńsù fi ní àkókò rẹ̀ ti tó, ìṣẹ́jú méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin onífìlà ti sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú lórí àga kékeré yẹn, kò sẹ́ni tó wo aago fún un. Bàbá náà jókòó, ó ṣe "ẹ ṣeun", ó sì ń tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe láìnídìí. Ojú tì mí nítorí rẹ̀.

Ìgbà náà ni Alhaji dìde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń ka ìròyìn sọ̀rọ̀. Ó ní òun fara mọ́ ìlà náà. Ó ní kì í ṣe àwọn onílé ló ń mú kí ilé ìwé kún, bí kò ṣe àwọn tó ń fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn gba àyè, ó sì dun òun láti sọ pé àwọn èèyàn òun wà lára wọn. Ó ní kí káńsù lọ káàkiri ẹsítéètì, kí wọ́n máa wọlé, kí wọ́n máa wo ibi tí ọmọ ń sùn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Onífìlà mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Mi ò gbèrò àtisọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wà lórí ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń sọ fún ọdún méjìdínlógún fẹ́ sá mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tí mo sọ nìyí, bí mo ṣe lè tún un sọ ní èdè wa:

"Ọ̀rọ̀ tó sọ dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi. Ọmọ kan wà ní ilé ìwé yìí tó fi àdírẹ́sì mi wọlé, kò sì sùn níbẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo parọ́ fún un. Bàbá rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó ti ra ilé sínú ìlà báyìí, ó sì ti rí i pé irọ́ ò dára."

Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Alhaji tẹrí ba sórí fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka fa ojú fóònù náà, bẹ́ẹ̀ kò tanná. Ọ̀gá ilé ìwé ń wo ilẹ̀. Onífìlà yíjú wò mí pẹ̀lú àánú, irú àánú tí wọ́n fi ń wo ajá tó tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, bàbá tó ń fọ mọ́tò. Ọkùnrin káńsù ní wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Alhaji àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé wa pẹ̀lú páálí dàbínù kan. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dọ̀bálẹ̀, wọn ò kúnlẹ̀. Ó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bóòlù àti ìlera títí, kó tó yíjú sí mi.

Ó ní, "Ìyàwó wa, bí káńsù bá kọ̀wé sí yín, ẹ má dárúkọ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni."

Mo ní, "Alhaji, bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ni mo fi bo ọmọ yín láṣìírí. Bẹ́ẹ̀dì yẹn náà lẹ ní kí wọ́n wá yẹ̀ wò."

Ó ní ìyẹn ti kọjá, pé nǹkan tí òun sọ nípàdé kì í ṣe èmi ni òun ń bá wí, àwọn mìíràn ni. Ó ní bí a bá fẹ́ kí òyìnbó gbà wá mọ́ra, àwa fúnra wa gbọ́dọ̀ máa bá ara wa wí. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ọmọkùnrin mi tó ń tò bọ́ọ̀sì ṣíṣeré sórí kápẹ́ẹ̀tì, omi sì wà lójú rẹ̀. Mo sọ fún Alhaji pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe nítorí tirẹ̀, nítorí ọmọ tó ti mọ ọ̀rẹ́ níbẹ̀ ni. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín," ó dìde wéré, ó wọ bàtà rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó tó ń tẹ̀ lé e.

Káńsù kọ̀wé lóòótọ́. Mo lọ bá wọn lọ́fíìsì, mo jẹ́wọ́, mi ò dárúkọ. Obìnrin tó gbà mí lálejò bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí, mo gbà á, ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbé ìpinnu jáde. Ibi tí ìlà wà kí wọ́n tó wá tẹ́tí sí wa náà ló wà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́tí tán. Wọ́n ní ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n nílé ìwé náà ṣì ní àǹfààní, bí ilé wọn bá wà nínú ìlà. Ọmọkùnrin mi ò rí àyè.

Ilé ìwé Old Kent Road tí gbogbo wa ń bú ló gbà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, ó ń kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ mi sí ìkọ́ tó máa fi aṣọ òjò rẹ̀ kọ́. Kíláàsì rẹ̀ ò kún dé ìdajì, olùkọ́ sì ń ráyè jókòó tì í bó ṣe ń kàwé. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mò ń ronú lórí irọ́ tí mo pa nítorí ilé ìwé tí ọmọ ò ti ráyè tọ̀. Láàárín ọdún náà, a gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó ní oúnjẹ ibẹ̀ kì í tutù.

Mo pàdé obìnrin onífìlà ní ibùdókọ̀ kan lẹ́yìn ìgbà náà. Ó dì mọ́ mi. Ó ní ohùn mi ṣe pàtàkì nínú ìpàdé yẹn, ó sì dun àwọn pé a lọ. Àwọn náà sì ń kó lọ, ó ní, ọkọ òun ti rí ilé ní abúlé kan tó ní pápá. Mo bi í léèrè ta ló máa wá gba àyè ọmọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó juwọ́ sí mi, ó wọlé.

Alhaji ṣì ń kí mi lẹ́yìn ìrun Yídì. Ó ń na ìkíni náà gùn bí àwọn èèyàn bá wà nítòsí. Mo ń dá a lóhùn, nítorí pé ẹ̀sìn pa á láṣẹ pé kí á dá sàlámà padà. Ìmáàmù wa ti wàásù rí pé ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì rẹ̀ ń ba iṣẹ́ rere ara rẹ̀ jẹ́. Ọkọ mi rán mi létí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà ilé. Mo ní mo gbọ́. Mo ti bẹ Ọlọ́run nípa irọ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo sì gbà pé ó ti dárí rẹ̀ jì mí. Ti ẹ̀gàn Alhaji tó wà lọ́kàn mi yìí, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́.