Ohun Tí Alùpùpù Mi Kọ Sílẹ̀ Lọ́nà Ìbàdàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kírun àsùbáà tán tí mo ti alùpùpù mi jáde sí ìta. Mi ò tan iná sí i títí mo fi tì í dé ẹnu títì, torí pé bí ó bá ké nínú ọgbà, gbogbo ará ilé ló máa jí, ẹni tó sì yẹ kí n máa bẹ̀rù jù nínú wọn ni ìyàwó mi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ pé kì í ṣe ọ̀kadà. Àwọn kan ṣì wà ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń bi mí pé èló ni mo máa ń gbà dé Ìjagun. Alùpùpù arìnrìn-àjò ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ọ̀kadà mẹ́wàá, ó ní àpótí ẹrù lọ́tùn-ún lósì, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ bí àga pálọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó kí n tó rà á ní tòkunbọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ náà ló ṣì wà, àfi sáléńsà tí mo pààrọ̀ sí èyí tó ń mí dáadáa, tí ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Mo máa ń fi í yangàn, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sáléńsà yẹn ló bí wàhálà. Irú alùpùpù yìí ní ọpọlọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì: kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì máa mu. Sáléńsà tuntun ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ yìí kò mọ̀. Epo kò wá tó, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ó sì ń yìnbọn lẹ́yìn bí mo bá ti dẹ ọwọ́.

Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣé n óò wá jókòó lásán ni? Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó tó ń sọ fún ọpọlọ náà bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tàbí tutù tó, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá tutù, epo púpọ̀ ló ń fẹ́. Mo gé wáyà ẹ̀rọ yẹn, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó rèsísítọ̀ kan, ìdènà iná tí kò ju hóró àgbàdo lọ, dípò rẹ̀, kí ọpọlọ lè gbà pé òtútù ń mú, kó sì fi epo kún un. Rèsísítọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó owó gúgúrú! Ìbọn dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ya àwòrán iṣẹ́ náà, mo fi han gbogbo olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Mo bú àwọn tó ń ta epo, mo tún bú mẹkáníìkì tó bá mi de sáléńsà. Ọjọ́ tó le jù ni ọjọ́ tó kú mọ́ wa nídìí láàárín títì márosẹ̀, tí ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi, tí tírélà sì ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ tírélà yẹn gbọn ìborùn rẹ̀ kúrò lórí. Nígbà tá a délé ló tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá Fárúùkù, mi ò gun nǹkan yìí mọ́. Bí ẹ bá tún gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe tó sì tún kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tà á. Mi ò fẹ́ di opó nítorí fáàrí."

Mo gbà. Àdéhùn tí mo gbé kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn: kó yè, tàbí kí n tà á.

Ọ̀dọ̀ Mosúnmọ́lá ni mo ń lọ. Mo kọ́ ọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó lọ ka ìwé olùkọ́ ní Ìjagun, lẹ́yìn náà ló fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tó lọ ń tún ọpọlọ ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ó ti fi nǹkan kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ rán awakọ̀ sí mi. Ó ní kí n kì í bọ ihò kan lábẹ́ ìjókòó kí n tó gbéra, pé yóò máa kọ gbogbo ohun tí ọpọlọ náà bá rò sílẹ̀ láti ilé mi títí dé ọ̀dọ̀ òun.

Mo gba Orù àti Awà jáde. Ìkùukùu bo ilẹ̀, òtútù sì wọ inú ìbọ̀wọ́ mi. Títì dán láwọn ibì kan débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin. Níbòmíràn, kòtò pọ̀ débi pé àwọn ọkọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ igbó. Alùpùpù mi rìn bí ọba. Bí mo ṣe ń kọjá ni àwọn ọmọ iléèwé ń juwọ́, èmi náà ń fọn fèrè. Ta ni kò fẹ́ iyì?

Mámù ni mo ti jẹun. Ẹ̀kọ kan, igba náírà. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé kan, irínwó. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ sí níbẹ̀, kì í ṣe inú ewé bíi tiwa, mo sì jẹ méjì kí n tó gbà pé ó dùn. Ìyá tó ń tà á yí alùpùpù mi ká lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ìbàdàn lẹ̀ ń lọ, ńdan?" Ohun tí àwọn ara wa ń pè ní "àbí" ni wọ́n ń pè ní "ńdan" lápá ibẹ̀.

"Ìbàdàn ni, ìyá."

"Ìjókòó ńlá báyìí, ẹnì kan ṣoṣo! Ìyàwó ńkọ́?"

Mo ní ó wà nílé. Mi ò lè jẹ mọ́ínmọ́ín kẹta mọ́.

Òkè kan wà kí èèyàn tó dé Ìdí-Ayùnrẹ́. Oòrùn ti mú nígbà yẹn. Mo dé àárín òkè náà, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ọkọ̀ agbépákó kan wà lẹ́yìn mi tó ń mí gúlegúle. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, alùpùpù ńlá náà ń fà mí sẹ́yìn, òógùn bò mí.

Awakọ̀ náà yọ orí jáde. "Bàbá, ẹ gbé ọ̀kadà yín kúrò lọ́nà o!"

Ọ̀kadà! Mo tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì, mo jókòó sórí òkúta, mo sì ń ronú ẹni tó máa rà á. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó gbà láti dìde. Mo gùn ún dé Challenge ní Ìbàdàn.

Ibi iṣẹ́ Mosúnmọ́lá yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì ni èèyàn fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Táìsì funfun ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì ní láti nu bàtà mi kí n tó wọlé. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn dàgbà jù ú lọ. Ó rí mi, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí táìsì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò mí. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú tí ìyàwó mi fi rán mi fún un, ó sì bu díẹ̀ sínú ife, ó da omi tútù lé e lójú ẹsẹ̀. Ó ní gàrí Ìbàdàn kò kan tó, pé láti ọjọ́ tí òun ti débẹ̀, òun kò tíì rí èyí tó dùn lẹ́nu òun.

Ó wá ṣí ìjókòó alùpùpù. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ibi kan fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló jó wáyà yìí, sà?"

"Èmi ni!" Mo gbé àyà sókè.

"Lẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́ gan-an, sà." Ó wo ilẹ̀. Mo pè é ní ìyìn.

Ó yọ páálí ìṣáná yẹn, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi yọ. Mo rò pé ó máa sọ ohun tó rí fún mi, ṣùgbọ́n àga ló fà síwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi kà á. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe fún wa."

Òótọ́ ni. Ní kíláàsì mi, mi ò kí í sọ ìdáhùn. Ọmọ máa jáde wá síwájú pátákó, á ka ìlà ìsàlẹ̀, á ka ìlà ẹ̀gbẹ́, kó tó sọ ohun tó rí. Mo jókòó, mo sì ń kà á pẹ̀lú ohùn kíláàsì.

"Ìlà ìsàlẹ̀ ni àkókò. Èyí tó pupa ni eré. Ibi tó wálẹ̀ yìí, Mámù ni, mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ibí ni òkè Ìdí-Ayùnrẹ́, tó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́." Kò yé mi bí ẹ̀rọ ṣe lè kọ ìtàn ìrìn àjò tó péye ju tèmi lọ.

"Aláwọ̀ ewé ńkọ́, sà?"

"Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Mélòó ló wà, sà?"

"Dígíìrì mẹ́fà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé títí…" Mo tún un kà.

Dígíìrì mẹ́fà, lọ́sàn-án gangan, ní Ìbàdàn. Omi inú fìríìjì ló ń tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ yẹn kò mọ̀ pé oòrùn ti yọ rí. Rèsísítọ̀ mi ti dì í lójú: bí ooru bá ti mú, ó ṣì ń da epo òtútù lu ẹ́ńjìnnì, títí epo á fi pa iná púlọ́ọ̀gì, tí ohun gbogbo á sì kú. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Tírélà ọjọ́ yẹn ni mo rí, tí ìborùn ìyàwó mi fò lójú títì. Kì í ṣe epo. Kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọwọ́ mi yìí ni.

Mosúnmọ́lá rí ojú mi. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó ṣe é tì, pàápàá lójú àwọn èèyàn. Ó rọra ní, "Ó lè jẹ́ pé wáyà náà ló ti gbó, sà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Ó ń ṣí ilẹ̀kùn àwáwí fún mi kí n bá jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ́.

"Mosún, má bò mí. Èmi ni mo ṣe é. Yọ ọ́ dànù."

Ó yọ ọ́. Ó dá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ padà sáàyè rẹ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú bí èédú, ó wá ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní máàpù. Tábìlì nọ́ńbà ni: ní eré báyìí, bí ọwọ́ bá ṣí tó báyìí, fún un ní epo tó báyìí. Ó tún nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe kí wọ́n lè bá sáléńsà mi mu. Màá gùn ún jáde, màá padà, á wo ìlà, á yí nọ́ńbà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò yìnbọn, kò húkọ́, ó ń fà mí lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ náírà ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó gbà lọ́wọ́ mi kò kàn yín.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ̀gá wa?"

Mo ní èmi ni. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì fi alùpùpù kankan yangàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gun òkè Ìdí-Ayùnrẹ́ padà nínú ooru, mo kọjá ọkọ̀ akẹ́rù méjì, kò mì. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń ro ọmọ yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iyì olùkọ́ ni kí ọmọ rántí ohun tó kọ́ ọ. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ó ṣì ku ibì kan: kí ọmọ mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, kó sì tún fi ọ̀wọ̀ jẹ́ kí o rí i fúnra rẹ.

Wọn kò tíì pe ìrun mọ̀gáríbì nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá Fárúùkù ń kó ankara wọlé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá mọ́tò kan ló gbé mi dé.

"Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?"

Mo lè fi gírámà bò ó. Ìyàwó mi kò ka físíìsì. Mo ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́. Wáyà tí mo jó yẹn ló ń pa á. Ọjọ́ tírélà yẹn, èmi ni. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélógún tá a ti fẹ́ra, ó ní òun kò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu mi.

"Ọmọ yẹn ló sọ fún yín pé ẹ jẹ̀bi?"

"Kò sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n kà á."

"Ẹ kọ́ ọ dáadáa nìyẹn." Mo na ọwọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má pa á."

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó dé akoto lé ìborùn, ó dì mọ́ èjìká mi, ó sì gun ẹ̀yìn. Mo rọra gba ọ̀nà Òdogbolú. Nígbà tá a dé ẹnu ìlú náà, mo dẹ ọwọ́, mo bi í bóyá kí n yí padà.

Ó ní, "Ẹ máa lọ."