Gẹdú Lábẹ́ Jíìpù

Igi gẹdú ni mo ní kí wọ́n kì bọ abẹ́ sipíríǹgì jíìpù mi. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán ná, mo dúró.

Àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà àdúgbò wa ní Mowe débi pé ikùn jíìpù àtijọ́ náà ń họ ilẹ̀ bí adìẹ. Mo fẹ́ kó ga sí i. Mẹkáníìkì mi tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàfò ní ká rọ irin tó bá a mu, ká sì pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, torí èyí tó wà níbẹ̀ kò ní í gùn tó mọ́. Owó irin yẹn ni n kò fẹ́ gbọ́.

"Ṣé igi kọ́ ló gbé òrùlé ilé ẹ ró ni?" mo bi í. "Àbí jíìpù mi wúwo ju òrùlé lọ?"

"Bọ̀dá, òrùlé kì í sáré."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ ṣa àkékù gẹdú lọ́dọ̀ káfíńtà, mẹkáníìkì sì kì í síbẹ̀ bí mo ṣe wí.

Nígbà tó sọ jáàkì kalẹ̀, ìdí jíìpù ga sókè bí ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ń tú ilẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà pàtẹ́wọ́: "Dádì, ẹ máa ra àkàbà o!" Orí mi wú. Mo ní kí mẹkáníìkì wọ jíìpù ká jọ dé ìkóríta. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti tún mọ́tò ṣe tán báyìí, á ti jókòó síwájú kí n tó wọlé. Ó ń nu ọwọ́, kò wò mí lójú.

"Ẹ máa lọ, bọ̀dá. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀."

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò wa, mo tẹ bíréèkì. Igi dún lẹ́yìn mi, kẹẹ̀ẹ́, bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń rọra ṣí. Mo tan rédíò. Ó tún dún. Mo yí rédíò sókè sí i. Akíkanjú ni mí: ohun tí n kò bá ti gbọ́, kò lè dẹ́rù bà mí. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ jíìpù. Rọ́bà bíréèkì ti fà le bí iṣan ọrùn ẹni tó ń pariwo. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kejì la fẹ́ fi í lọ gbé ìyá ìyàwó mi wá láti Ifọ̀. Òjò ti ṣú. Ìyàwó mi múra tán, ó dúró ti ilẹ̀kùn jíìpù, ó ń wò mí.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń làágùn?"

"Ooru ni."

"Nínú atẹ́gùn òjò yìí?"

Kò bá mi jiyàn. Ó pe mẹkáníìkì lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́.

"Ọmọ mi, jíìpù tí o gbé sókè yìí, màmá mi ni a fẹ́ fi gbé. Ṣé ká máa lọ?"

Jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan ń dún níbi tó wà.

"Mọ́mì," ó ní, "láti àná ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí fóònù yìí má dún."